Ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé"

Ọ̀rọ̀ inú ilé wa la gbé wá lónìí. A ti bi àbúrò wa bóyá ká kọ ọ́ síbí. Ó ní ká kọ ọ́, ṣùgbọ́n ká má dárúkọ òun.

Àwa márùn-ún ni ìyá wa bí. Àwa mẹ́rin tó ṣáájú, agbègbè Tchaourou níbí la wà. Iṣu là ń gbìn, kajú là ń ká. Ọ̀kan nínú wa ń ta èlùbọ́ létí títì tó lọ sí Parakou. Ọ̀kan wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Cotonou fún ọdún mẹ́jọ kó tó padà wálé. Àbíkẹ́yìn wa ló kàwé jù. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a jẹ àmàlà tán, ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa fi ìsinmi ìparí ọdún ṣe. Òun máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cotonou, òun á sì fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ gba etí òkun títí dé Hillacondji, níbi tí ilẹ̀ wa ti pààlà pẹ̀lú Togo. Ó lé ní kìlómítà 80. Ọjọ́ márùn-ún. Òun nìkan, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn.

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín, a dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ṣé owó ọkọ̀ ni kò sí ni? Ṣé ẹ̀jẹ́ ló jẹ́? Àbí ó ṣẹ ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun lójú títì? Àkọ́bí wa ní, "Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Tí o bá débẹ̀, ta lo fẹ́ sọ fún pé ẹ ti dé?"

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní lọ́jọ́ kan òun ń ya etí òkun ilẹ̀ Benin sójú pátákó, èyí tí gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 120 láti ààlà Togo dé ààlà Nàìjíríà. Òun fi ṣọ́ọ̀kì tọ́ka sí ibi tí odò Mono ti wọ inú òkun, ibi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" Òun ní rárá. Ọmọ náà ní, "Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn?"

Àbúrò wa ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ya ibẹ̀ fún wọn. Mi ò rí èsì kankan fún ọmọ yẹn."

Àwa náà ò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò tìtorí ìyẹn kúrò lára wa. Ará òkè ni wá. Láti ọ̀dọ̀ wa dé òkun tó nǹkan bí kìlómítà 350. Nínú àwa mẹ́rin, awakọ̀ wa nìkan ló rí òkun rí, láti orí ìjókòó ọkọ̀ ló sì ti rí i. Fún ọdún mẹ́jọ, kò fi ẹsẹ̀ kan omi náà.

Nígbà tó di ẹrù, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kajú la fi wọ̀n ọ́n. Kílò mẹ́rìndínlógún. A ní kó yọ nínú rẹ̀. Ó yọ ìwé mẹ́ta, ó yọ àdá. Àkọ́bí wa ní kó mú àdá dání. Ó ní àlejò tó bá mú àdá wọ abúlé onítọ̀hún, ta ni yóò fún un níbi tó máa sùn? Ó di kílò méjìlá: omi lítà mẹ́rin, gàrí, kúlíkúlí, wàgáṣì tí a ti dín gbẹ, tapólì kan, ẹní kan, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, oògùn ibà, káàdì ìdánimọ̀, àti power bank fún fóònù. A fi òfin kan dè é: ní aago méje alẹ́ lójoojúmọ́, kó pè wá.

Ibi tí àwa ti ṣe àṣìṣe nìyí. A ò sọ fún ìyá wa. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún, a ní ká má dá ẹ̀jẹ̀ ríru sí i lára. A ní ìpàdé àwọn olùkọ́ ló gbé e lọ sí Cotonou. Ìyá ní, "Ìpàdé nínú ìsinmi?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, aago méje ò tíì lù tó fi pè. Láti Fidjrossè, ní etí Cotonou, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches, ọ̀nà àwọn apẹja, tó lọ sí Ouidah. Ohùn rẹ̀ ń dùn bí ohùn ọmọdé. Ó ní yanrìn gbígbẹ kì í jẹ́ kéèyàn rìn, ẹsẹ̀ a máa rì títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Yanrìn tútù tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ ló ṣeé rìn. Ṣùgbọ́n etí òkun dagun sí apá kan, ẹsẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún ti ń ro ó. Ó ní kò sí ibòji. Àwọn igi àgbọn wà, ṣùgbọ́n òjìji wọn ò ju òjìji ọ̀pá lọ.

Ó tún sọ̀rọ̀ èbúté fún wa. Ó ní òkun a máa gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ìgbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ èbúté Cotonou tán ní 1965, ògiri rẹ̀ ti dá yanrìn náà dúró, ó kó jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìhà ìlà-oòrùn ò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ti jẹ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Awakọ̀ wa ní òun máa ń já ẹrù níbẹ̀, òun ò mọ̀ rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó bá àwọn ènìyàn tó ń fa àwọ̀n. Okùn náà gùn débi pé èèyàn ò lè rí àwọ̀n fúnra rẹ̀ nínú omi. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn tò sí okùn méjèèjì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fà. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó bá wọn fà. Wọ́n fún un ní ẹja mẹ́rin, baálẹ̀ wọn sì fún un ní ẹ̀bá ògiri kan láti ta tapólì sí. Wọ́n ò gbọ́ Nàgó. Fọ̀n díẹ̀ tó gbọ́ ló fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, ó kọjá ní Avlékété, ó dé etí òkun Ouidah, níbi tí wọ́n ṣí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí ní 1995, ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò, òun ò sì yà á. Òun jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kó lọ níbẹ̀, èdè wa ni wọ́n ń sọ. Òun ní òun rìn dé òkun fún ìfẹ́ inú ara òun. Àwọn yẹn rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn. Lálẹ́ yẹn kò dápàárá kankan.

Nọ́ńbà àjèjì ló fi pè wá lọ́jọ́ náà. Yanrìn ti wọ power bank rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì fẹ́ tọ́jú ìwọ̀nba iná tó kù nínú fóònù rẹ̀. Obìnrin kan ní Djègbadji, níbi tí wọ́n ti ń se iyọ̀, ló yá a ní fóònù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa ha ilẹ̀ oníyọ̀ etí ọ̀sà jọ, wọ́n á da omi sí i nínú apẹ̀rẹ̀ kó lè jò, wọ́n á wá gbé omi tó jò náà kaná títí tí iyọ̀ yóò fi kù sínú ìkòkò. Ó bá obìnrin náà ṣẹ́ igi. A bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. A ní ó dáa, ó dàárọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí a bi í nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, aago méje lù, fóònù ò dún.

A pè é, ẹ̀rọ ní kò sí lórí afẹ́fẹ́. A ní bóyá iná ló tán. Aago mẹ́jọ, a tún pè. Aago mẹ́wàá. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé la kó ara wa jọ sí kí Ìyá má baà gbọ́ ohùn wa. Ọyẹ́ ń fẹ́, kò sẹ́ni tó lọ mú aṣọ. Ọ̀kan nínú wa ní àwa la jẹ́ kó lọ. Òmíràn ní ta ló lè dá a dúró? Nígbà tó di òru, a ti ń bá ara wa jà ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa, kò sẹ́ni tó lè fẹnu sọ ọ́: òkun ò ní ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wá ènìyàn kiri.

Ìyá jáde láti kírun àsùbáà, ó bá wa níbẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ jí ṣáájú mi lónìí. Ta ló kú?"

Àwọn ọkùnrin inú wa dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. A sọ gbogbo rẹ̀. Inú bí i, kì í sì í ṣe sí ẹni tó lọ, sí àwa ni. Ó ní, "Ẹ ń parọ́ fún mi bí ẹni ń parọ́ fún ọmọ tí ẹ fẹ́ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀." Ó jókòó sórí àpótí. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀, ohun tó sì sọ yà wá lẹ́nu. Ó ní, "Ta ló kí kẹ́yìn?"

A ní kò yé wa. Ó ní, "Ẹni tó ń dá rìn, ó gbọ́dọ̀ kí èèyàn. Ta ló kí kẹ́yìn?"

Ìgbà náà la gbọ́ ohun tí a ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Kí Ìyá tó bí àkọ́bí wa, nígbà tí owó náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Nàìjíríà ní 1973, tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ tiwa ní Dahomey, Ìyá a máa ru èlùbọ́ láti ibí lọ sí Ṣakí. Ẹsẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni àlọ, ọjọ́ mẹ́ta ni àbọ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà lóyún tí kò lè rìn mọ́, Ìyá dá lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí Ọ̀pàrà bá fà, ó ń wọ́ omi kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Abọ́ tánńganran ló fi ń dé. Àwọn abọ́ tí a fi jẹun dàgbà nìyẹn, àwa rò pé ọjà Parakou ni wọ́n ti wá.

Ìyá ní, "Ẹ máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà. Béèrè nìkan ò tó. Tí mo bá dé abà kan, mo máa kí wọn, mo máa ní orúkọ mi nìyí, ọmọ ibi báyìí ni mí, ibi báyìí ni mo fẹ́ sùn lálẹ́ òní. Kì í ṣe torí kí wọ́n lè fún mi lómi. Torí tí mi ò bá dé ibẹ̀ ni, kí ẹni tó ń wá mi lè mọ ibi tí mo dé."

Ó tún bi wá lẹ́ẹ̀kẹta, ta ló kí kẹ́yìn. Awakọ̀ wa ló kọ́kọ́ rántí: nọ́ńbà obìnrin oníyọ̀ yẹn ṣì wà nínú fóònù.

Òun ló gbọ́ Fọ̀n jù nínú wa, òun ló pè é. Obìnrin náà ò tíì jí dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀ ọ́n, olùkọ́ tó ga tí kò mọ igi ṣẹ́. Ó ní ó ti dágbére fún òun láàárọ̀ àná, ó ní ẹnu odò lòun ń lọ, òun sì ti júwe apẹja kan fún un níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ àbúrò òun, pé kó lọ kí i, òun ni yóò fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kọjá. Ó ní ká dúró.

A dúró. Ẹ̀yin tó ti dúró bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó lọ sóko. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀wà tó ti ṣà tán lánàá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, fóònù dún. Ohùn rẹ̀ ni. Fóònù apẹja yẹn ló fi pè. Ó ní, "Ẹ má bínú." Ìyá gba fóònù. A rò pé yóò bú u. Ó ní, "Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni fóònù?" Ó gbé e padà fún wa, ó wọlé lọ, a sì gbọ́ tó ń sunkún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tó dé ilé ló tó sọ ọ́ tán. Ìrọ̀lẹ́ ló dé ẹnu odò. Ó kí apẹja náà lóòótọ́. Apẹja ní òkun ń fà, omi odò ń ya jáde pẹ̀lú agbára, òun ò ní gbé ọkọ̀ síbẹ̀, ó di òwúrọ̀. Ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí apẹja wọlé lọ, ó rí apá omi kan tó dà bíi pé kò jìn, ó ní òun lè wọ́ ọ kọjá lọ sí orí ebè yanrìn tó wà láàárín. Omi dé orúnkún. Ó tún gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, omi dé àyà, yanrìn sì ń yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ló pariwo mọ́ ọn. Ó yí padà. Ó ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta yẹn, òun ò mọ bí òun ṣe gbé e padà. Fóònù kú sínú àpò ṣòkòtò. Gàrí rẹ inú àpò. Ilé apẹja ló sùn, ojú sì tì í débi pé kò lè ní kí wọ́n yá òun ní fóònù lálẹ́ yẹn. Ìtìjú yẹn ló fi wá sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò mọ́jú. A ti bá a wí lórí èyí, ó sì gbà.

Láàárọ̀, nígbà tí omi rọ̀, wọ́n gbé e kọjá láàárín igi ẹ̀gbà àti ẹyẹ funfun. Apẹja náà ló là á lóye nípa ibẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, yanrìn a máa dí ẹnu odò pa. Láti ìgbà tí Togo àti Benin ti jọ kọ́ ìsédò Nangbéto sórí odò Mono, èyí tí wọ́n parí ní 1987, omi ń ṣàn yípo ọdún, ẹnu odò kì í dí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì máa ń ṣí kiri. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń tan ènìyàn jẹ. Ní èdè Faransé ó dà bí Ẹnu Ọba, kò sì sí ọba kankan níbẹ̀. Boca do Rio ni àwọn Potogí ń pè é, ìyẹn Ẹnu Odò, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló yí i padà.

Ọjọ́ méjì tó kù, fóònù àwọn tó bá pàdé ló fi pè wá, kò sì jẹ́ kí aago méje kọjá. Àwa náà ti kọ́gbọ́n. A ò bi í pé ṣé ó ti jẹun mọ́. "Ta lo kí lónìí? Ibo lo sọ fún wọn pé ò ń lọ?" Ní Grand-Popo, wọ́n fi ibi tí òkun ti jẹ ìlú àtijọ́ àti ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó hàn án. Ní òru, ó rí ipa ìjàpá òkun tó gun yanrìn wá yé ẹyin, tó sì ti padà sínú omi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó pè láti Hillacondji. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi àgbà pé àwá dé o!" Àkọ́bí wa rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó padà wálé pẹ̀lú imú tó ti bó, ó ń tiro, ó gbé iyọ̀ Djègbadji kílò méjì wá fún Ìyá àti yanrìn inú ìgò fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ya etí òkun sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó dé ẹnu odò Mono, ó fi ọwọ́ pa ibi tó ti yà rẹ́. Ó sọ fún wọn pé, "Ibi tí mo ti ń yà á sí fún ọdún mẹ́fà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ń rìn."

Ní báyìí, àwa márààrún ti ń gbèrò láti fẹsẹ̀ tọ ọ̀nà Ìyá lọ sí Ṣakí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí Ìyá fi ọ̀kadà tẹ̀lé wa títí dé Ọ̀pàrà. A sọ fún un. Ó ní òun ò ní bá wa lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin márùn-ún? Ara yín lẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní kí ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin ará wa ní ìhà Ṣakí, ẹ bá wa bi àwọn ìyá àgbà tó wà lọ́dọ̀ yín. Ṣé wọ́n rántí àwọn obìnrin tó ń ru èlùbọ́ wọ́ Ọ̀pàrà wá láyé ọjọ́un? Ọ̀kan wà níbẹ̀, ọmọge pupa, tó máa ń dárúkọ ara rẹ̀ ní gbogbo abà tó bá dé. Tí ẹnì kan bá rántí rẹ̀, ẹ sọ fún wa, ká lè sọ fún un pé a ti mọ ibi tó dé.